Ta Ni Òkú Yìí? Bí ẹ ṣe lè fi iwin inú ìwé àròsọ pa àlọ́ láàárín ara yín

Ẹ ní kí èèyàn mẹ́fà ṣàpèjúwe iwin inú ìwé kan fún yín, kí ẹ wá wò ó bóyá márùn-ún nínú wọn kò ní sọ ohun kan náà: aṣọ funfun, ẹ̀wọ̀n tó ń dún woroworo, ilé àtijọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké, òtútù tó ṣàdédé gba inú yàrá. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ eré “ta ni mí” tí wọ́n ń fi ìtàn iwin ṣe fi ń sú èèyàn kí wọ́n tó dé ìdajì. Olobó tí wọ́n ń ta bá iwin mẹ́wàá mu, nítorí náà ẹni tó kàwé jù láàárín wọn ló ń já gbogbo rẹ̀, àwọn tó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù.

Lójú tèmi, ohun méjì ló ń ya òkú kan sọ́tọ̀ kúrò lára òkú mìíràn nínú ìtàn: ohun tó padà wá ṣe, àti ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Tí ẹ bá fi méjèèjì pìlẹ̀ àlọ́ yín, ẹni tí kò ka ìwé náà rí gan-an á lè rò ó títí tí yóò fi sún mọ́ ọn. Eré mẹ́rin ni màá ṣàlàyé. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú wà fún eré àkọ́kọ́, ìyẹn eré káàdì. Ẹ kò ní láti ṣe gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Méjì ti tó fún èèyàn mẹ́rin sí méjìlá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fẹnu kò lórí ẹni tí ẹ ń pè ní iwin

Ìjà tó sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú eré yìí, lórí “ìyẹn kì í ṣe iwin o” ni. Nítorí náà, ẹ ṣòfin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì.

Òfin tí mo fara mọ́ kò gùn: ẹni tó ti gbé ayé rí, tó kú, tó sì tún yọjú nínú ìtàn náà, yálà ojú rí i, etí gbọ́ ọ, tàbí ó kàn ń ju àwo mọ́ ògiri. Òfin yìí lé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938) jáde, bó ti wù kó bani lẹ́rù tó, torí pé kì í ṣe èèyàn tó kú. Ó lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará igbó tí Amos Tutuola kọ nípa wọn nínú My Life in the Bush of Ghosts (1954) jáde pẹ̀lú. Àmọ́ ó gba mọ̀lẹ́bí ọmọkùnrin inú ìwé náà wọlé, ìyẹn èyí tó ti kú tó sì lọ dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ nílùú àwọn iwin. Ẹnì kan á sọ pé òun kò gbà. Ẹ jẹ́ kó jà á dé ibi tó fẹ́ jà á dé, kí ẹ dìbò, kí ẹ sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti àwọn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, èmi kì í gbà wọ́n. Òkú ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi lè pe ẹyọ kan wọlé báyìí, wọn á gba gbogbo káàdì.

Àwọn kan tún wà tí ìwé fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó dáni lójú. Nínú The Turn of the Screw tí Henry James gbé jáde ní 1898, obìnrin tó ń tọ́ àwọn ọmọ méjì nílé kan tó ń jẹ́ Bly ló ń ròyìn pé òun rí Peter Quint àti Miss Jessel, tí àwọn méjèèjì sì ti kú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òǹkàwé ti ń jà á bóyá òkú ló wá lóòótọ́ àbí ọkàn obìnrin náà ló ń tàn án jẹ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ káàdì lásán. Ẹ kó wọn sápò kan lọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní “Iwin ni àbí ọkàn ni?” Níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á tàbí tó kùnà á; ẹni tó bá rí ohun kan pàtó tọ́ka sí nínú ìwé láti fi gbe ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló ni máàkì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣa ìwé

Ẹ pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tí gbogbo yín ti gbúròó rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ kà á: bàbá Hamlet àti Banquo inú eré Shakespeare, Jacob Marley. Àwọn tí bí ìdajì yín mọ̀. Àti àwọn tí ẹnì kan tàbí méjì péré ti kà. Kí ìdajì káàdì yín wá láti ọ̀nà àkọ́kọ́, kí èyí tó kẹ́yìn má ju ẹyọ méjì sí mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ káàdì nìkan ló mọ ìwé náà, ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe eré mọ́. Káàdì 12 sí 15 máa gba nǹkan bíi wákàtí kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ olówó inú ilé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Beloved tí Toni Morrison kọ (1987) ń bẹ níbẹ̀, ilé kan tí wọ́n fi nọ́ńbà 124 mọ̀ ni òkú náà ti ń dààmú wọn. Pedro Páramo tí Juan Rulfo ará Mẹ́síkò kọ (1955) ń bẹ níbẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin kan ti wá bàbá rẹ̀ lọ sí Comala, tó sì bá ohùn àwọn òkú pàdé. Lincoln in the Bardo tí George Saunders kọ (2017) kún fún àwọn òkú itẹ́ òkú kan tí wọn kò gbà pé àwọn ti kú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rín, The Canterville Ghost tí Oscar Wilde kọ (1887) ni kí ẹ wá lọ: iwin yẹn ni ìdílé tó kó dé bá nínú ilé rẹ̀ ń dẹ́rù bà.

Ìṣọ́ra kan kò gbọ́dọ̀ fò yín ru. Àwọn ìwé kan wà tó jẹ́ pé “ẹni yìí ti kú” gan-an ni àṣírí tí òǹkọ̀wé fi ojú ewé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta pa mọ́. N kò ní dárúkọ wọn. Kí káàdì kan má lọ tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sójú ẹni tó ń ka ìwé náà lọ́wọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí oníkálukú kọ orúkọ ìwé tó ń kà tàbí èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kà, kí ẹ sì yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ káàdì

Ibí ni iṣẹ́ wà. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní olobó márùn-ún, èyí tó le jù ló ṣáájú, èyí tó rọrùn jù ló kẹ́yìn. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí: ohun tí òkú náà ń wá, ẹni tó rí i, ibi tàbí ìgbà tó yọ, ohun tó wà lọ́wọ́ tàbí lára rẹ̀, lẹ́yìn náà olobó kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí òkú fúnra rẹ̀ máa sọ̀rọ̀, “mo” dùn gbọ́ létí ju “ó” lọ nínú òkùnkùn. Ẹ wo káàdì yìí:

1. Mo wá kìlọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, kó má bàa jẹ irú ìyà tí mò ń jẹ.
2. Ẹni tí mo tọ̀ lọ kò kọ́kọ́ gbà pé èmi ni. Ó ní bóyá oúnjẹ tí kò dà nínú òun ló fa ohun tí òun ń rí.
3. Alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ni mo dé, ọdún 7 géérégé lẹ́yìn ikú mi. Ara irin tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn ni ojú mi ti kọ́kọ́ yọ.
4. Ẹ̀wọ̀n tí mò ń wọ́ kiri, àpótí owó, kọ́kọ́rọ́, àgádágodo àti ìwé ìṣirò ló so mọ́ ọn.
5. Èmi àti Scrooge la jọ ń ṣòwò.

Ìdáhùn: Jacob Marley, nínú A Christmas Carol tí Charles Dickens kọ ní 1843.

Ẹ wá gbé olobó kẹrin sí ipò kìíní, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ka ìwé náà á já a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí àpótí owó yẹn. Tí ẹ bá sì yọ àpótí owó kúrò, tó ku “ẹ̀wọ̀n” nìkan, kò sí ẹni tó lè já a, torí pé iwin tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n kiri kì í ṣe ẹyọ kan. Pliny Kékeré ará Róòmù ti kọ lẹ́tà nípa òkú kan tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n kiri inú ilé kan ní Áténì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Iwin inú ìwé Wilde náà ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Onílé tuntun fún un ní òróró pé kó fi pa á kí ariwo rẹ̀ má bàa dí àwọn lọ́wọ́ oorun. Olobó kìíní tí mo kọ sókè yẹn ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó bá òkú púpọ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ti lé gbogbo àwọn tó wá gbẹ̀san lọ, ó sì ti jẹ́ kí olùgbọ́ máa bi ara rẹ̀ pé, ta ló ń dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún un? Ìrònú yẹn ni eré. Olobó kejì wá dín wọn kù sí ẹyọ kan fún ẹni tó bá rántí ìran yẹn.

“Ẹni tó rí i” ló máa ń gba àyẹ̀wò jù. Nínú Macbeth, Banquo wá jókòó sí ipò ọba níbi àsè, Macbeth nìkan ni ojú rẹ̀ tó o, àwọn àlejò ń wo àga òfìfo. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Hamlet rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ rí ọba tó kú náà, Horatio rí i, kí ọmọ rẹ̀ tó wá rí i. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tún yọ nínú yàrá ìyá Hamlet, tí ọmọ rí i, tí ìyá ò rí i. Ẹni tó bá kọ “ọmọ mi nìkan ló rí mi” sórí káàdì ti kọ irọ́, ẹni tó sì ka ìwé dáadáa ni irọ́ náà máa ṣì lọ́nà. Nítorí náà, kí ẹ ṣí ìwé kí ẹ tó kọ olobó kejì. Ìrántí ò tó.

Tí ìwé bá ní ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, olobó kan ṣoṣo lè gbé káàdì. Àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ràn nìyí:

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì mi ni mo fi ṣe orúkọ.” Beloved nìyẹn.

“Pósí mi, àpótí àìsàn ni mò ń pè é, torí ara mi ò kàn yá ni.” Àwọn òkú inú Lincoln in the Bardo.

“Wọ́n ń nu àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi tí mo pa kúrò nílẹ̀, èmi náà ń jí ọ̀dà ọmọ wọn kùn ún padà. Nígbà tí pupa tán, mo fi àwọ̀ ewé kùn ún.” Sir Simon, nínú The Canterville Ghost.

“Ìgbà 45 ni wọ́n fi àáké tí kò mú ṣá mi lọ́rùn, síbẹ̀ orí mi ò já tán.” Nearly Headless Nick, nínú ìwé Harry Potter.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ káàdì tán, ẹ kà á fún ẹnì kan tí kò ní bá yín ṣeré. Bó bá já a ní olobó kìíní, ẹ pààrọ̀ olobó yẹn. Bó bá gbọ́ márààrún tí kò sì ní nǹkan kan láti sọ, ẹ jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bẹ̀rẹ̀

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó ń pa àlọ́ ka olobó kìíní, ó ka ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sí bébà, wọ́n sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá já a ní olobó kìíní gba máàkì 5, ní ìkejì 4, títí dé 1. Ẹgbẹ́ tó bá kọ ohun tí kì í ṣe òun kò ní kọ nǹkan kan ní olobó tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n má bàa máa sọ òkò sọ́jà. Ẹgbẹ́ lè gbé bébà òfìfo sókè láìjẹ gbèsè kankan.

Èmi kò fara mọ́ “ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló ni ín.” Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ló ń jẹ irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ronú kì í rí nǹkan kan jẹ.

Ìdáhùn wo lẹ máa gbà? Orúkọ òkú náà, tàbí orúkọ ìwé pẹ̀lú ohun tí òkú jẹ́ sí ẹnì kan nínú rẹ̀. “Bàbá Hamlet” tó. “Ẹni tí òun àti Scrooge jọ ń ṣòwò” tó. Kí adájọ́ má ṣeré, kí àwọn ìwé tàbí ẹ̀dà wọn wà nítòsí rẹ̀. Tí wọ́n bá ta ko olobó kan, tí kò sì rí ibi tó wà nínú ìwé láàárín ìṣẹ́jú kan, káàdì yẹn ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gba máàkì lórí rẹ̀.

Eré kejì: Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́

Ẹnì kan mú káàdì kan, kò ní ta olobó kankan. Àwọn yòókù á máa bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè 20 ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ eré yìí, ṣùgbọ́n iye yẹn ti pọ̀ jù tí orúkọ àwọn iwin bá wà lójú pátákó. Ìbéèrè tó dáa ń gé àkójọ sí méjì: iwin 16 kò ju ìbéèrè 4 lọ, 32 kò ju 5 lọ, ìbéèrè 20 sì lè yọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, fún orúkọ 16, ẹ fún wọn ní ìbéèrè 6; fún 32, ẹ fún wọn ní 8. Tí kò bá sí àkójọ kankan níwájú wọn ni kí ẹ fún wọn ní ogún.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sáré béèrè ni “ṣé obìnrin ni?” Kó tó dáa, ẹ ka àkójọ yín ná. Tí ọkùnrin bá jẹ́ 12 nínú 16, ẹ ti fi ìbéèrè kan ṣòfò. “Ṣé ju ẹnì kan lọ ló rí i?” sàn. “Ṣé ẹni tó pa á wà nínú ìtàn?” sàn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni “ṣé ó mọ̀ pé òun ti kú?” nítorí ó máa ń gé àkójọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. “Ṣé ó ń bani lẹ́rù?” kò wúlò rárá, ohun tó ń ba ẹnì kan lẹ́rù, ẹlòmíràn ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi ìdáhùn kẹta kún un: “ìwé ò sọ.” Òǹkọ̀wé kì í sọ gbogbo nǹkan nípa òkú rẹ̀, kò sì yẹ kí apàlọ́ máa hùmọ̀ ohun tí kò sí. Wọn kò ní ka ìbéèrè tó bá gba ìdáhùn yìí mọ́ iye tí wọ́n fún wọn. Àmọ́ apàlọ́ tó bá ń sọ “ìwé ò sọ” ní gbogbo ìgbà, ẹ bi í bóyá ó ka ìwé ọ̀hún.

Eré kẹta: Ta ló ti kú nínú wọn?

Èyí kò nílò ìwé kankan. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa kọ ìtàn kúkúrú, tí ẹnì kan nínú rẹ̀ ti kú láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Iṣẹ́ olùgbọ́ ni láti mú un. Èyí ni àpẹẹrẹ kan tí ẹ lè kà sókè báyìí:

Òjò ń rọ̀ gidigidi nígbà tí àlejò náà kan ilẹ̀kùn. Ó ní ọkọ̀ òun ló dákú lójú ọ̀nà. Agboòrùn rẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ìyá ní kó wọlé. Àga mẹ́rin ló wà nínú yàrá. Àlejò fẹ́ jókòó sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí.” Ó bọ́ síbẹ̀. Bọ́lá gbé tíì wá, ife mẹ́ta. “Ọwọ́ yín mà tutù o,” ló sọ fún àlejò bó ṣe ń gba tirẹ̀. Kúnlé ní láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé, “Òjò yìí ò ní dá títí ilẹ̀ á fi mọ́.” Àlejò wo aago rẹ̀. “Mo rò pé òjò máa tó dá.” Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlejò ló ń wò. “Màámi, kí lẹ tún ń wò níbẹ̀ yẹn?” ni Bọ́lá béèrè. Kúnlé ní, “Fi Màámi sílẹ̀ jàre.” Ìyá ní, “Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Mu tíì ẹ kó má tutù.”

Àlejò ni ọ̀pọ̀ máa mú: ọwọ́ rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ gbẹ nínú òjò, inú òkùnkùn ló ti jáde wá. Kúnlé ni. Ife mẹ́ta ló wà fún ẹni mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ojú ìyá nìkan ló tó o. Àmì tó lágbára jù sì ni pé àlejò fẹ́ jókòó sórí àga tí Kúnlé wà, bí ẹni pé òfìfo ni.

Ẹ kíyè sí ibi tí mo fi àmì yẹn sí. Ó ti kọjá kí orúkọ Kúnlé tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Olùgbọ́ kò tíì mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ nígbà náà, nítorí náà kò ní dì í mú, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ẹ rẹ́ òun jẹ nígbà tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá ń kọ tiyín, ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi èyí tó wúwo jù sí.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Òkú kò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ alààyè, bó bá sì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn alààyè gbọ́dọ̀ máa lọ bí ẹni pé kò sọ ọ́. Ẹ lè jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa rí i. Àmì gidi kò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́ta. Ẹ lè ta ọdẹ fún olùgbọ́, kó máa fura sí ẹlòmíràn, àmọ́ ìdí tí kò ní òkú nínú gbọ́dọ̀ wà fún ohun tẹ́ ẹ fi ta ọdẹ náà: agboòrùn ló jẹ́ kí aṣọ àlejò gbẹ, òjò ló sì sọ ọwọ́ rẹ̀ di tútù. Ẹ ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀méjì. Ẹni tó bá mú òkú lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ gba máàkì 3, lẹ́yìn ìkejì 1, ṣùgbọ́n kó tọ́ka sí àmì kan. “Ọkàn mi ló sọ fún mi” kò ní máàkì.

Iná, ẹ̀rù àti àwọn ọmọdé

Ní Japan láyé àtijọ́, ní àsìkò tí wọ́n ń pè ní Edo níbẹ̀, àwọn èèyàn máa ń tan iná ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sọ ìtàn abàmì kan, wọ́n á pa iná kan, títí òkùnkùn á fi ṣú bo gbogbo wọn. Hyakumonogatari Kaidankai ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè yá ọgbọ́n yẹn lò pẹ̀lú iná méjìlá, káàdì kan iná kan. Iná oníbátìrì ni kí ẹ lò, torí bébà àti àbẹ́là kì í gbé pọ̀ lórí tábìlì tí èèyàn ti ń fò sókè. Kí adájọ́ ní tọ́ọ̀ṣì kékeré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí káàdì tó kẹ́yìn kà. Ẹ ṣe eré káàdì nígbà tí iná ṣì pọ̀, kí ẹ fi “Ta ló ti kú nínú wọn?” sí ìgbà tó bá ku iná méjì.

Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, Sir Simon àti Nearly Headless Nick ni kí ẹ máa fi ṣe é. Tí ẹnì kan láàárín yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀, ẹ rọra yọ àwọn káàdì tó jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsọ fún un, pàápàá àwọn bíi Beloved, níbi tí ọmọ tó kú ti padà wá bá ìyá rẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti ń ṣe é

Google ni ọ̀tá. Olobó tí ẹ bá dà kọ láti inú ìwé, èèyàn á já a kí ẹ tó mí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ọ́, kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ dípò kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Olobó “ohun tí òkú náà ń wá” ló ń ṣòro jù láti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ lè kọ méjì irú rẹ̀ sórí káàdì kan, kí ẹ yọ ti ibi àti ìgbà. Kí gbogbo yín fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí adájọ́ ní ìkọ̀kọ̀ láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó má di pé ẹni kejì ń wo ìdáhùn ẹni àkọ́kọ́.

Eré kẹrin: Ta ló kọ ọ́?

Ní 1816, ní Villa Diodati lẹ́bàá adágún Geneva, Lord Byron, akéwì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun kọ ìtàn iwin ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Frankenstein ti Mary Shelley ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde ní 1818, kò sí orúkọ lára rẹ̀, àwọn kan sì rò pé ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́. The Vampyre tí John Polidori, dókítà Byron, kọ jáde ní 1819 pẹ̀lú orúkọ Byron lára. Wọ́n ṣi àwọn méjèèjì mú, ẹ sì lè fi irú ìṣìmú bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Kí oníkálukú kọ ìtàn iwin tí kò ju ọ̀rọ̀ 200 lọ, láìkọ orúkọ. Kí ẹnì kan tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, torí ọwọ́ ìkọ̀wé máa ń tú èèyàn fó, kí ẹni yẹn kan náà sì kà á jáde, kó má fún ìtàn kan ní ohùn ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, gbogbo yín á kọ ẹni tí ẹ rò pé ó kọ ọ́. Òǹkọ̀wé gba máàkì kan lórí gbogbo ẹni tó ṣì í mú, ẹni tó bá mú un gba máàkì méjì. Èyí máa mú kí àwọn kan máa kọ bí ẹlòmíràn ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì sí òfin tó kọ̀ ọ́. Ẹ má dárúkọ òǹkọ̀wé kankan títí ìtàn tó kẹ́yìn á fi tán. Tí ẹ bá ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo yín á ti mọ ẹni tó kọ èyí tó kẹ́yìn, torí òun nìkan ló kù tí ẹ kò tíì dárúkọ.